Nígbà Tí Ọwọ́ Bá Há Sójú Kan: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Yíyà Ara Ènìyàn

Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń ya ara ènìyàn máa ń bi mí jù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni èmi náà ti bi ara mi rí láàjìn òru, tí ìwé tí mo fà ya sì wà káàkiri ilẹ̀. Mi ò pe ara mi ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí o. Mo kàn ti pẹ́ nídìí rẹ̀ débi pé mo ti há sójú kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti jáde lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń yàwòrán lójoojúmọ́, èyí tí mo yà lónìí kò sì sàn ju ti oṣù tó kọjá lọ. Ṣé ibi tí ẹ̀bùn mi mọ nìyí?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí kò jọ ọ̀rọ̀ àwòrán rárá. Ní ọdún 1897, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, William Bryan àti Noble Harter, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ tẹligíráàmù, àwọn tó ń fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn ránṣẹ́ lórí wáyà láyé ìgbà yẹn. Wọ́n ń wọn bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń yára tó lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń fa ìlà rẹ̀ sórí ìwé. Ní ti gbígba ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ìlà náà á gòkè, á wá tẹ́ pẹrẹsẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó tó tún gbéra. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ní gbogbo àsìkò pẹrẹsẹ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń fi agbára ọpọlọ dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ìgbà tí lẹ́tà di ohun tí kò gba ìrònú mọ́ ni etí rẹ̀ tó ráyè gbọ́ odidi ọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn ti bá wọn jiyàn lórí bóyá gbogbo ẹ̀kọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ya ara ènìyàn fún ọdún kan yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí ẹ bá ṣì ń ronú ibi tí ìgúnpá yẹ kó wà, ẹ ò lè rí bí gbogbo ara ẹni tó dúró níwájú yín ṣe fì sí apá kan. Ìgúnpá ni lẹ́tà. Bí ara ṣe fì ni ọ̀rọ̀.

Ohun kejì tún wà, òun gan-an ló sì máa ń dá wa lóró jù. Ojú àti ọwọ́ kì í jọ dàgbà pọ̀. Ojú máa ń ṣáájú. Lọ́jọ́ tí ojú bá ti mọ̀ pé ọrùn kì í dúró bí òpó lórí èjìká, pé ńṣe ló máa ń yọrí síwájú díẹ̀, gbogbo ọrùn tí ẹ ti yà látẹ̀yìn wá á di ohun ìtìjú, èyí tí ẹ bá sì yà lọ́la á ṣì dúró bí òpó, torí ọwọ́ ò tíì gbọ́. Ẹ ó wá máa rò pé ẹ̀yìn lẹ ń rìn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá mo há lóòótọ́, tàbí ó kàn ń ṣe mí bẹ́ẹ̀?

Ẹ mú pẹ́ńsù pupa. Ẹ ṣí àwòrán oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ sàmì sí gbogbo ibi tó kù díẹ̀ káàtó tí ẹ ò rí nígbà tí ẹ ń yà á. Tí àmì náà bá ju mẹ́rin márùn-ún lọ, ojú yín ti kúrò níbi tó wà, kódà bí ọwọ́ bá ṣì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan tí ẹ ò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni mo ń pè ní híhá gidi, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀: ẹ nílò ẹ̀kọ́ tuntun, bí eegun tàbí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà sí ara, kì í ṣe wákàtí púpọ̀ sí i lórí ohun àtijọ́.

Ohun kan tí mo tún ń ṣe ni pé mo ní fọ́tò kan ṣoṣo, ti ọkùnrin kan tó jókòó tó fi ọwọ́ lérán, tí mo máa ń yà lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì méjì, ogún ìṣẹ́jú géérégé. Mo kọ ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo tì í sínú fáìlì, mi ò wò ó mọ́ títí ọdún á fi yí po. Ẹ má máa wò ó lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń hú irúgbìn wò lójoojúmọ́ ni yóò sọ pé kò hù.

Mo mọ̀ pé àwòrán mi kò dáa, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ṣe é gan-an.

Ìbéèrè tó dáa jù lójú ìwé yìí nìyí, torí ibí ni ìbínú sí ara ẹni ti ń wá. Ẹni tó mọ ibi tí àṣìṣe wà kì í bú ara rẹ̀, ńṣe ló ń tún un ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ń sọ pé "èmi ni mi ò dáa."

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Obìnrin kan dúró fún wa kí a lè yà á, ó gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ẹsẹ̀ òsì sinmi. Ìdúró ogún ìṣẹ́jú ni. Mo ti lo bí ìṣẹ́jú méjìlá lórí ojú àti irun rẹ̀, ó sì jọ ọ́, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo wá sún sẹ́yìn, obìnrin orí ìwé mi ń ṣubú. Mi ò lè sọ ìdí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú tẹ ìlà mọ́lẹ̀, mo ń mú un dúdú sí i, bí ẹni pé tí ó bá dúdú tó kò ní ṣubú mọ́. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn na pẹ́ńsù rẹ̀ lóòró síwájú ojú, ó di ojú kan, ó ní, "Wo kòtò ọrùn ẹ̀, kó o wá wo ọrùn ẹsẹ̀ tó gbé e dúró." Nígbà tí ènìyàn bá gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, ìlà tó bá tọ̀ kalẹ̀ láti kòtò ọrùn máa ń já sí ẹsẹ̀ náà. Lórí ìwé mi, ó já sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, lójú afẹ́fẹ́. Mo pa ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn rẹ́, mo sún un sínú ní ìbú àtàǹpàkò kan. Ó dúró. Ojú tí mo ti lo ìṣẹ́jú méjìlá lé lórí kò ní ọwọ́ kankan nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé àwòrán kò dáa, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ na pẹ́ńsù síwájú, kí apá nà tán pátá, kí ìwọ̀n má bàa yí padà. Àgbàlagbà tó dúró ṣánṣán máa ń ga tó orí méje àbọ̀, láti àtàrí dé àgbọ̀n ni kí ẹ wọn orí náà. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń sọ ọ́ di mẹ́jọ torí ó wù wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìdajì gíga ara kì í ṣe ìdodo bí a ṣe ń rò, ibi tí itan méjèèjì ti pàdé ni. Ojú wà ní àárín gbùngbùn orí, kò sí lókè. Àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú ìka gùn tó láti àgbọ̀n dé ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹni tó gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, ìbàdí ìhà yẹn á ròkè, èjìká ìhà kan náà á sì sábà rọlẹ̀. Ìlà ìbàdí àti ìlà èjìká kò gbọdọ̀ lọ ní ọgbọọgba.

Tí ìwọ̀n kò bá sọ nǹkan kan, ẹ gbé àwòrán síwájú dígí. Leonardo da Vinci, gbajúgbajà ayàwòrán ará Ítálì, gba àwọn ayàwòrán nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa wo iṣẹ́ wọn nínú dígí, Leon Battista Alberti, ará Ítálì mìíràn tó kọ̀wé lórí àwòrán, náà sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1435. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ti bá àṣìṣe wa mọ́ra; tí òsì bá di ọ̀tún, ó di iṣẹ́ àjèjì, a sì ń tètè rí àṣìṣe àjèjì. Ẹ tún lè yí i sódì, kí orí wà nísàlẹ̀. Tàbí kí ẹ má wo ara rárá, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàrín apá àti ìhà. Ọpọlọ ò ní orúkọ fún àlàfo, nítorí náà kò lè parọ́ nípa rẹ̀.

Ohùn kan wà nínú mi tó ń sọ pé "o ò mọ nǹkan kan, o kàn ń fi àkókò ṣòfò" bí mo ṣe ń yà á lọ. Báwo ni mo ṣe lè pa á lẹ́nu mọ́?

Mi ò tíì rí ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́ tán. Ohun tí mo lè kọ́ yín ni bí ẹ ó ṣe fún un níṣẹ́ ṣe.

Òfin kan ṣoṣo ni mo ní: ọ̀rọ̀ tí pẹ́ńsù ò lè tún ṣe, èébú ni, kì í ṣe àríwísí. "Apá yìí gùn jù" jẹ́ àríwísí. Ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. "Mi ò lè yàwòrán láéláé" kò ní ibi tí a ti lè fi írésà kàn án. Nítorí náà, nígbà tí ohùn yẹn bá sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè bí adájọ́: ibo? Tó bá ní "ó burú," ẹ bi í pé ibo ló ti burú. Tó bá ní "gbogbo ẹ̀," ẹ ní kó mú ibì kan ṣoṣo. Nígbà míì, á sọ nǹkan gidi, á ní orí náà tóbi ju ara lọ, tí ẹ bá sì wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí i pé òótọ́ ló sọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Nígbà míì, kò ní rí ibì kankan tọ́ka sí, á sì dákẹ́ bí ẹlẹ́rìí èké.

Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ìwé ìyàwòrán mi kún fún àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí "eékún ti lọ sókè jù," "ìbú èjìká, orí méjì, ẹ tún wò ó." Lójú ìwé kan, mo rí ibi tí mo ti kọ "òpònú" gàgàrà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Mo wo àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí, mi ò mọ ohun tí mo ń bú. Ọ̀rọ̀ eékún ṣì wúlò fún mi dòní. Ọ̀rọ̀ òpònú ò kọ́ mi ní nǹkan kan.

Tí inú bá sì bàjẹ́ gan-an, ẹ jẹ́ kó bàjẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ sunkún, ṣùgbọ́n kí ẹ máa wọn orí náà lọ.

Ṣé bíbá ara ẹni wí kọ́ ló ń mú ènìyàn tẹ̀síwájú? Tí mo bá ń tu ara mi lójú, ṣé mi ò ní di ọ̀lẹ?

Ẹ wo ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe sí ọwọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù àṣìṣe máa ń di pẹ́ńsù mú gírígírí lẹ́nu, ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń lò, ìlà rẹ̀ á máa já wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí irun. Ìlà ẹ̀yìn ènìyàn gùn láti ọrùn dé gìgísẹ̀. Èjìká ló yẹ kó fà á, ní ìfà kan. Ọwọ́ tó le bí igi kò lè ṣe é. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹ́ra. Èébú ń ba iṣẹ́ jẹ́ lójú ẹsẹ̀, lórí ìwé, níbi tí ẹ ti lè fojú rí i. Ẹ fi àwòrán ọjọ́ tí inú yín dùn wé ti ọjọ́ tí ẹ ń bú ara yín, kí ẹ wo bí ìlà ṣe gùn sí.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń dá mi dúró. Mo ń fi wọ́n pamọ́ sínú àpò tàbí sábẹ́ aṣọ.

Gbogbo wa la ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tiẹ̀ ka eegun: 206 ni àgbàlagbà ní, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní 27, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní 26. Ẹ rò ó pọ̀, 106 ni, ó ju ìdajì gbogbo eegun ara lọ. Ibi tí oríkèé pọ̀ sí jù lọ lẹ ń yà, kí ló dé tí kò ní le?

Ìwé kan wà ní Metropolitan Museum, ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí ní New York, tí Michelangelo, ayàwòrán ará Ítálì, fi ṣọ́ọ̀kì pupa yà ní nǹkan bí ọdún 1510 sí 1511, nígbà tó ń múra láti ya obìnrin aríran ará Líbíà sí àjà ilé ìsìn Sistine ní Vatican. Ẹ̀yìn ènìyàn kan tó yí ara ló gba àárín ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó tún ojú yà lọ́tọ̀, ó tún ọwọ́ yà, ó sì padà sídìí ẹsẹ̀ òsì, ó ń tún àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ yà léraléra, títí ó fi yé e bí ìka ṣe ń tẹ ilẹ̀ nígbà tí gìgísẹ̀ bá gbéra. Ó ti ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà yẹn, ó sì ti gbẹ́ ère tí gbogbo ìlú ń wárí fún. Kò fi ẹsẹ̀ náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ní tiyín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka. Ẹ ya àtẹ́lẹwọ́ bí páálí kan, kí ẹ kó ìka mẹ́rin pọ̀ bí ìbọ̀wọ́, kí àtàǹpàkò wá dá dúró. Ìgbà tí páálí náà bá kọjú síbi tó yẹ ni ẹ tó pín ìka.

Tí mo bá wo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń wù mí kí n sọ pẹ́ńsù nù.

Ẹ ń fi gbogbo iṣẹ́ yín wé èyí tí wọ́n ṣà. Ẹni tó gbé ọ̀kan jáde lónìí lè ti ya ogójì, ogójì náà ò sì ní fojú kàn yín. Kì í sì í ṣe ti ayé ìsinsìnyí nìkan. Giorgio Vasari, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán, tó sì mọ Michelangelo dáadáa, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí Michelangelo tó kú ní 1564, ó dáná sun ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí làálàá tó ṣe. Àwọn tó kù la wá ń wò, tí a ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò ṣìṣe rí.

Ìlara pàápàá ní ìlò tirẹ̀, tí ẹ bá mọ bí ẹ ó ṣe dì í mú. Ẹ mú àwòrán kan tó dùn yín dọ́kàn, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ dà á kọ. Kì í ṣe kí ẹ fi hàn bí tiyín o, kí ẹ lè mọ ohun tó ṣe ni. Vincent van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands, ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kó tó pinnu, ní 1880, pé iṣẹ́ àwòrán lòun máa ṣe. Ohun tó ṣe lọ́dún náà àti èyí tó tẹ̀ lé e ni pé ó jókòó ti àwọn àwòrán ìdánrawò tí Charles Bargue, ayàwòrán ará Faransé, ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń dà wọ́n kọ, ó tún ń dà wọ́n kọ. Nígbà tí ẹ bá parí dída ọ̀kan kọ, ìlara á ti di ìbéèrè: báwo ló ṣe mọ̀ pé kó fi ìlà yìí sílẹ̀ láìparí?

Ṣé àwòrán ìṣẹ́jú kan kan ni kí n máa yà ni, tàbí èyí tó gùn?

Méjèèjì. Ọ̀pọ̀ tó há ni mo rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń ya ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá nìkan á mọ bí ara ṣe ń fì, ṣùgbọ́n èékánná àti etí á máa sá fún un. Ẹni tó ń ya ti wákàtí mẹ́ta nìkan á mọ òjìji dáadáa lórí ènìyàn tó le bí ère. Èmi máa ń ṣe mẹ́wàá ti ìṣẹ́jú kan, mẹ́ta ti ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀kan ti ogún. Tí ọ̀sẹ̀ bá yí, mo ń pàrọ̀ ọ̀nà náà.

Ẹ mọ̀ ṣá pé àdàlù máa ń jọ ìfàsẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ méjì, John Shea àti Robyn Morgan, ṣe ìdánwò kan ní 1979: wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà mẹ́ta láti fi apá ṣe iṣẹ́ kan kíákíá. Àwọn kan kọ́ ọ̀kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì, àwọn kan ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àdàlù. Àwọn aládàlù falẹ̀ nígbà ìkọ́ni. Nígbà tí wọ́n padà dán wọn wò lẹ́yìn náà, àwọn ni ọwọ́ wọn dá jù. Nítorí náà, ìdánrawò tó dùn jù lè má jẹ́ èyí tó ń kọ́ni jù, ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ sì rí wúruwùru lè jẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́ gan-an.

Ṣé kí n sinmi díẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má fi ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Oorun pàápàá wà lára ìdánrawò. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń di ohun tí ọwọ́ kọ́ lójúmọmọ mú. Ṣùgbọ́n ẹ dá ọjọ́ ìpadà kí ẹ tó lọ. Ìsinmi tí kò lọ́jọ́ ni ó ń di ọdún méjì, èmi ni ẹlẹ́rìí.

Ṣé kí n fa àwọn tó burú ya?

Rárá o. Mo ti fa odidi ìwé kan ya rí, ojú ìwé bí ọgọ́rùn-ún, lálẹ́ ọjọ́ kan tí ẹnì kan fi àwòrán mi rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí dòní ni pé ìwé ọdún kìíní mi ni. Mo lè sọ fún yín pé mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò dáa, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹ̀rí mọ́, àní fún ara mi. Tí ẹ kò bá fẹ́ rí i, ẹ dì í pọ̀, ẹ fún ẹlòmíràn tọ́jú.

Ẹni tó ń kọ́ mi máa ń fi ọ̀rọ̀ gún mi. Ṣé ó yẹ kí n fara dà á?

Òfin kan ṣoṣo tí mo sọ lókè, ti ọ̀rọ̀ tí pẹ́ńsù ò lè tún ṣe, náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Olùkọ́ tó bá le, ṣùgbọ́n tó sọ pé "igbá àyà yìí kò yí, ìbàdí nìkan ló yí," ẹ dúró tì í, kódà bí kò bá rẹ́rìn-ín rí. Èyí tó ní "iṣẹ́ yìí kì í ṣe tìẹ," ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?" Tí kò bá rí èsì fún yín lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, owó yín lẹ fi ń ra èébú.

Ọ̀nà tí ẹ gbà béèrè náà ṣe pàtàkì. Ẹ má na àwòrán sí ènìyàn kí ẹ ní "Ṣé ó dáa?" Ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ òótọ́. Ẹ bi wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ wo lẹ rò pé ó gbé ara lé?" Tí wọ́n bá dáhùn láìronú, ẹ ti ṣe é. Tí wọ́n bá ń yí orí sọ́tùn-ún sósì, ẹ ti rí iṣẹ́ ọ̀la.

Ìgbà wo ló ti kọjá ọ̀rọ̀ àwòrán?

Tí ohùn yẹn bá tẹ̀ lé yín kúrò nídìí pẹ́ńsù. Tí ó bá ń gba oorun lójú yín, tí oúnjẹ kò lọ, tí ohunkóhun kò wù yín ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ bá dókítà tàbí ẹni tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ. Tí ó bá sì ń sọ pé ayé yín kò wúlò mọ́, ẹ má dúró dé ọ̀la, ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ yín lónìí. Kò sí ìdánrawò kankan lójú ìwé yìí tó lè rọ́pò ìyẹn.

Lónìí gan-an, mi ò fẹ́ fọwọ́ kan pẹ́ńsù rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ṣe èyí tó kéré débi pé kò sí ohun tí ẹ lè fi bú ara yín. Ẹ fi aago sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé ọwọ́ tí ẹ kì í fi kọ̀wé sórí tábìlì, kí ó sinmi bó bá ṣe wù ú. Ẹ fi pẹ́ńsù lé ìwé, kí ẹ má wo ìwé náà mọ́ títí aago á fi dún. Ọwọ́ nìkan ni kí ẹ máa wò. Ẹ jẹ́ kí ojú máa rìn létí ọwọ́ náà bí èèrà, láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè sí àtàǹpàkò, kí pẹ́ńsù máa rìn bí ojú ṣe ń rìn, kí ó má sáré jù ú. Níbi tí awọ bá ká jọ, ẹ dúró díẹ̀. Níbi tí èékánná ti wọnú ẹran, ẹ dúró díẹ̀. Àwòrán náà á wọ́, ìka kan lè gun orí ìkejì, ó sì lè jáde kúrò lórí ìwé bọ́ sórí tábìlì. Tí aago bá dún, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ pa ìwé dé.